Ibi Tí Garawa Yóò Sùn

Alájà méjìlá ni a ya sórí bébà
ní Ahmedabad, nínú oṣù karùn-ún,
nígbà tí oòrùn ń yan ọ̀dà títì bí ẹni yan ẹ̀pà,
tí odò Sabarmati dùbúlẹ̀, tí kò lè mí.
Ọ̀gá mi, Majmudar, ló ya ojú ilé.
Èmi Ketki, ọmọ ọ́fíìsì ọdún kejì,
àtẹ̀gùn ni tèmi, àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀,
àti ọ̀nà tí omi ìdọ̀tí yóò gbà jáde.
Ọ̀gá ya ojú; èmi ya ìfun.

Kapadia oníṣòwò aṣọ ló lowó.
Gíláàsì ló fẹ́, láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé,
"kí àwọn tó ń kọjá lórí afárá lè rí i pé mo ti dé."
Ọ̀gá ní, "Oòrùn náà yóò rí i pé ẹ ti dé."
Ó wá fi bíríkì oníhò ṣe ìbòjú síhà ìwọ̀ oòrùn,
ihò kékeré, ihò kékeré, bí afárá oyin,
kí atẹ́gùn ráyè wọlé
kí ooru dúró síta bí onígbèsè.
Wọ́n jà á títí dé àjà kẹsàn-án. Kapadia gbà,
ṣùgbọ́n ó ní gbogbo ẹsẹ̀ bàtà ilẹ̀ gbọ́dọ̀ máa pawó:
"Èyí tí kò bá pawó, ẹ mọ ọ́n pa."

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan
Jiviben wá gbá èèpo pẹ́ńsùlù abẹ́ tábìlì mi.
Kò mọ̀wé, àmọ́ ó ka bébà náà.
Ó fi ìka wọlé lẹ́nu ọ̀nà,
ó gba iwájú akọ̀wé kọjá, ó gun àtẹ̀gùn mi,
ó yí àjà keje po lẹ́ẹ̀mejì,
ìka náà dúró.
"Garawa mi ńkọ́?"
Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

"Ní báńkì tí mo ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlá
abẹ́ àtẹ̀gùn ni ìgbálẹ̀ mi ń sùn.
Ibẹ̀ náà ni mo ti ń jẹun, mo dorí kodò bí olè.
Àjà mẹ́fà ni mo ń pọnmi gùn.
Ẹni tó ya ilé yẹn,
ṣé ilé tirẹ̀ kì í dọ̀tí ni?"

N kò sùn lóru ọjọ́ yẹn.
Mo wo yàrá ọ̀gá àgbà ní àjà keje,
mo jí ìṣísẹ̀ méjì níbẹ̀.
Mo ya ẹ̀rọ omi kan tó lọ sílẹ̀ dé ẹnu garawa,
mo ya àga pẹlẹbẹ,
mo jẹ́ kí ògiri kan jẹ́ bíríkì oníhò.
Gbogbo yàrá ló gbọ́dọ̀ lórúkọ.
Mo kọ ọ́ síbẹ̀: IHÒ WÁYÀ.
Kapadia kì í béèrè ọ̀rọ̀ wáyà.

Ọ̀gá yẹ̀ ẹ́ wò. Ó pẹ́ lórí ẹ̀rọ omi náà.
"Ketki, láti ìgbà wo ni wáyà ti ń mumi?"
Ẹnu mi gbẹ.
Ó mú pẹ́ńsùlù, ó ya ìkọ́ aṣọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn,
ó ní, "Ya á sí àjà kẹta pẹ̀lú, àti ìkọkànlá.
Wáyà pọ̀ nínú ilé yìí."

Lọ́jọ́ ìṣílé, wọ́n fi òdòdó kọ́ ẹnu ọ̀nà,
Kapadia fọ́ àgbọn mọ́lẹ̀,
àwọn ayàwòrán dúró sórí afárá, wọ́n ya ojú.
Mo gun àtẹ̀gùn mi, mo ń kà á.
Ní àjà keje mo ṣí ilẹ̀kùn.

Obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí
gbé ẹsẹ̀ lé garawa tó dojú dé,
ó ń fi ata jẹ búrẹ́dì ọkà,
ìmọ́lẹ̀ wó wẹ́wẹ́ sórí orúnkún rẹ̀.
Ó fò dìde. Ó ń wá ibi tí yóò tọ́jú oúnjẹ náà sí.
Mo ní ọ̀nà ni mo ṣì.
Mo rọra pa ilẹ̀kùn dé.
Ó ń han díẹ̀, ilẹ̀kùn yẹn.
Ó fẹ́ òróró.